Máṣìnnì àfọwọ́yí ni kí ẹ rà fún ọmọ tó ń kọ́ ìránṣọ nílé

Òbí tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìránṣọ nílé á bá oríṣi máṣìnnì mẹ́ta pàdé lọ́jà. Máṣìnnì oníke kékeré tó ń lo bátìrì wà, máṣìnnì oníná tó ní oríṣiríṣi ojú ìrán lára wà, máṣìnnì dúdú onírin sì wà, èyí tí orí rẹ̀ jókòó sórí pákó tí ọwọ́ ìyípo sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Butterfly, Two Lion àti Singer ni orúkọ tí ẹ ó máa rí jù lára irú kẹta yìí. Òun ni a yẹ̀ wò níbí, òun náà la sì fọwọ́ sí fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀, bí òbí bá ti máa jókòó tì í.

Ìyára ni ìdí tó ga jù. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ máṣìnnì oníná. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ ìtẹ̀ jẹ́jẹ́ á tẹ̀ ẹ́ gbì, abẹ́rẹ́ á sì ti sáré kọjá ilà kí ó tó rántí pé òun lè gbé ẹsẹ̀ sókè. Ti àfọwọ́yí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ ìyípo bá yí po lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ á gún aṣọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ọwọ́ bá dúró, abẹ́rẹ́ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ọmọ lè rán ojú kan ṣoṣo kó dúró wò ó. Kò sí ìṣòro iná mọ̀nàmọ́ná tó lè dá ẹ̀kọ́ dúró.

Ohun tó tún jẹ́ kó yẹ òbí àtọmọ ni pé ènìyàn méjì lè lo ẹyọ kan pọ̀. Ìṣòro olùbẹ̀rẹ̀ ni pé àfọwọ́yí máa ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì nìkan ló ṣẹ́kù láti darí aṣọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìrànlọ́wọ́ òbí ti wúlò: kí òbí jókòó sápá ọ̀tún, kí ó máa yí ọwọ́, kí ọmọ fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì darí aṣọ, kí ọmọ sì máa pàṣẹ: «ẹ yí i», «ẹ dúró». Ọmọ ló ń rán aṣọ, òbí kàn ń fún un ní agbára ni. Tí ilà rẹ̀ bá ti ń gún, kí òbí fi ọwọ́ ìyípo sílẹ̀ fún un. A kò rí máṣìnnì mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé pín báyìí.

Nígbà tí ọmọ bá ń yí i fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọwọ́ ìyípo ń lọ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wíìlì ńlá tí ọwọ́ náà ń yí gangan á máa bọ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó. Bó bá yí i sẹ́yìn, òwú á dì mọ́ abẹ́ aṣọ, ó sì lè já.

Àwòṣe Singer 15 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí máṣìnnì dúdú yìí. Irú rẹ̀ ti pẹ́ láyé, wọ́n sì ṣì ń ṣe é ní Ṣáínà. Àǹfààní rẹ̀ fún ilé ni pé bọ́bìnnì (èyí tí a ń wé òwú ìsàlẹ̀ sí), kéèsì (ilé bọ́bìnnì), fúùtù (irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀) àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan télọ̀, ẹni tó ń tún máṣìnnì ṣe ládùúgbò kò sì ní wò ó bí àjèjì.

Ẹ má ra èyí tí wọn kò jẹ́ kí ẹ dán wò. Ẹ mú àjákù àǹkárá tiyín dání, nítorí ó ṣeé ṣe kí òǹtajà ti ṣètò máṣìnnì fún aṣọ tí ó gbé síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òwú òkè jẹ́ pupa, kí ti bọ́bìnnì jẹ́ funfun. Ẹ rán ìpele méjì, ẹ wá rán ìpele mẹ́rin, kí ẹ sì yí aṣọ padà wò. Bí pupa bá ń yọ lójú ẹ̀yìn, òwú òkè ti dẹ̀ jù. Bí funfun bá ń yọ lójú òkè, ó ti le jù. Èyí kì í ṣe àbùkù, bọ́tìnnì tẹ́ńṣọ̀n, èyí tó ń mú òwú òkè le tàbí dẹ̀, á tún un ṣe. Àmọ́ bí ẹ bá yí tẹ́ńṣọ̀n títí tí kò sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di wíìlì mú gírígírí kí ẹ sì mi ọwọ́ ìyípo síwá sẹ́yìn. Ìmì díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ń lọ tó ń bọ̀ gan-an, eyín jíà inú rẹ̀ ti jẹ. Fún tòkunbọ̀, ẹ fi èékánná kan etí ihò tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé lórí irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ fúùtù. Bí ó bá rí ṣákaṣàka, abẹ́rẹ́ ti máa ń gbá a, ibẹ̀ ni yóò sì máa gé òwú ọmọ yín. Ẹ wo eyín tó ń ti aṣọ lọ náà: bó bá ti dán bí ojú ṣíbí, kò ní fa aṣọ mọ́. Kẹ́yìn, ẹ yọ kéèsì bọ́bìnnì, kí ẹ dá a padà. Ó gbọ́dọ̀ dún «kẹ́» nígbà tó bá wọlé. Kéèsì tí kò bá wọlé dáadáa á jábọ́ lójú iṣẹ́, abẹ́rẹ́ á sì kán lé e lórí.

Abẹ́rẹ́ ni ohun tí àwọn òbí ń ṣìnà lé lórí jù. Èyí tí máṣìnnì yìí ń lo ni HA×1, tí wọ́n tún ń kọ sí 15×1 tàbí 130/705H lára páálí. Orí rẹ̀ ní ojú kan tó pẹlẹbẹ. DB×1 tí wọ́n ń lò sínú máṣìnnì ńlá ti ilé-iṣẹ́ kò ní ojú pẹlẹbẹ, orí rẹ̀ rí roboto. Àwọn méjèèjì sì máa ń wà nínú àpótí kan náà lọ́wọ́ òǹtajà. Ẹ wo orí abẹ́rẹ́ kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà 14 (90) ló bá àǹkárá mu. 11 (75) wà fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi fóìlì, 16 (100) fún jíínsì. Ẹ ra nọ́ńbà 14 páálí méjì, ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ á ṣẹ́ díẹ̀ nínú wọn.

Lára orí irú Singer 15, ojú pẹlẹbẹ abẹ́rẹ́ á kọjú sí apá ọ̀tún, sí ìhà wíìlì. Òwú á wọ ihò láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ tì í sókè dé òpin kí ẹ tó fún ìdè rẹ̀ (síkúrù) pọ̀. Abẹ́rẹ́ tí kò bá dé òpin ni kì í bá ìwọ̀ abẹ́ tó ń gbá òwú mú pàdé, tí máṣìnnì á sì máa fo ojú.

Nínú ilé, ibi tí ẹ ó gbé e sí ṣe pàtàkì ju bí àwọn kan ti rò lọ. Orí máṣìnnì náà lé ní kílò 10, nítorí náà kì í sún lórí tábìlì, ohun tó dára gan-an fún ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n pákó abẹ́ rẹ̀ gbé e ga. Lórí tábìlì oúnjẹ, ọmọ ọdún 8 á máa gbé èjìká sókè kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibi aṣọ, á sì rẹ̀ ẹ́ láìpẹ́. Ẹ wá tábìlì tó rẹlẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ wà ní déédéé ojú ibi tí aṣọ ń gbà kọjá. Kí ó jókòó kí àyà rẹ̀ dojú kọ abẹ́rẹ́, kì í ṣe àárín máṣìnnì. Bó bá jókòó sí àárín, ilà rẹ̀ á máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì dà bíi pé òun ni kò mọ̀ ọ́n rán.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò gba òwú rárá. Ẹ ya ojú ewé kan nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé tó ní ilà, ẹ fi abẹ́rẹ́ àtijọ́ sí máṣìnnì, kí ọmọ máa gún ihò lórí ilà náà. Bébà máa ń ba ẹnu abẹ́rẹ́ jẹ́, ẹ má lo èyí tí ẹ fẹ́ fi rán aṣọ. Tó bá ti lè tẹ̀ lé ilà gígùn, ẹ ya àpótí onígun mẹ́rin fún un. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni kó ṣe, tí kò sì gbọ́dọ̀ ṣì í tò: kí abẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀, kí ó gbé fúùtù sókè, kí ó yí bébà, kó tó dá fúùtù padà. Abẹ́rẹ́ ló dúró bí èèkàn. Bó bá wà lókè nígbà tí ó yí bébà, igun á yẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ kọ́ ọ ní bí a ṣe ń fi òwú sí i. Òfin kan wà tí ìpín tó pọ̀ nínú wàhálà olùbẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: fúùtù gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí a bá ń fi òwú òkè sí i. Nígbà tí fúùtù wà lókè, àwo irin méjì inú tẹ́ńṣọ̀n á ṣí, òwú á sì wọ àárín wọn. Bí fúùtù bá wà nísàlẹ̀, àwo náà ti pa ẹnu dé, òwú á kàn gun orí wọn lásán. Tí ọmọ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán, òwú òkè tí kò sí ohun tó dì í mú á lọ kó ara rẹ̀ jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ lábẹ́ aṣọ. Abẹ́ ni ìdàrúdàpọ̀ náà ti hàn, nítorí náà gbogbo ènìyàn á máa tú bọ́bìnnì wò, bẹ́ẹ̀ òkè ni ìṣòro wà. Ẹ yọ òwú òkè, ẹ gbé fúùtù sókè, ẹ tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà gbogbo lèyí máa ń yanjú rẹ̀.

Fún bọ́bìnnì, ẹ kọ́kọ́ dẹ bọ́tìnnì àárín wíìlì kí abẹ́rẹ́ má baà máa gun nígbà tí ẹ bá ń wé òwú. Kí ẹ wé e ní déédéé, kí ó má ga ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá fi sínú kéèsì tán, ẹ di òwú rẹ̀ mú kí kéèsì máa fì. Kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n díẹ̀, kí ó wálẹ̀ díẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ gbà, ẹ fún ìdè kékeré ara kéèsì pọ̀ díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo kan péré. Kí òbí ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ìdè náà kéré gan-an, bó bá bọ́ sílẹ̀, ó ṣòro láti rí.

Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán, kí òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ gùn tó íǹsì 4 sẹ́yìn fúùtù, kí ó sì fi ìka di wọ́n mú fún ojú mẹ́ta àkọ́kọ́. Gígùn ojú ìrán tó dára ni mìlímítà 2.5, tí í ṣe nǹkan bí ojú 10 nínú íǹsì kan. Bó bá kéré jù, títú rẹ̀ á le fún ọmọ, títú sì pọ̀ nínú ìkọ́ṣẹ́. Ẹ ra rípà kan, irinṣẹ́ kékeré tí a fi ń tú ìrán, fún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Aṣọ ìrọ̀rí àga ni ohun tí a dámọ̀ràn fún un láti kọ́kọ́ rán, nítorí kò ní síípù, ilà gígùn ni gbogbo rẹ̀. Àǹkárá ní fífẹ̀ tó íǹsì 45 tàbí 46. Fún ìrọ̀rí íǹsì 18, ẹ gé iwájú kan tó jẹ́ 19 sí 19, kí ẹ gé ẹ̀yìn méjì tó jẹ́ 19 sí 13 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 19 àti 13 àti 13 jẹ́ 45, wọ́n sì wọ inú fífẹ̀ aṣọ. Ààbọ̀ yáàdì kò tó o, íǹsì 18 péré ni; ẹ ra yáàdì kan, kí ìyókù jẹ́ àjákù tí ọmọ á fi dánra wò. Ẹ fọ àǹkárá náà kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Tuntun máa ń le, ó sì lè sún kì lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, ìrọ̀rí kò sì ní wọlé mọ́.

Lára ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ẹ ká etí gígùn kan ní ààbọ̀ íǹsì, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tún un ká ní ààbọ̀ íǹsì, ẹ lọ̀ ọ́, kí ọmọ rán ìṣẹ́tí náà. Òbí ni kí ó di áyọ́ọ̀nù mú. Ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan á ku íǹsì 12 ní fífẹ̀. Ẹ tẹ́ iwájú sílẹ̀ kí ojú aṣọ wà lókè, ẹ to ẹ̀yìn méjèèjì lé e kí ojú aṣọ wọn wà nísàlẹ̀, kí ìṣẹ́tí wọn wà láàárín. Wọ́n á gorí ara wọn ní íǹsì 5, ibẹ̀ ni ìrọ̀rí á gbà wọlé. Ẹ fi pínnì dè é yí ká, kí orí pínnì kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún tó ń yọ ọ́. Kí ọmọ rán ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ààbọ̀ íǹsì sí etí, kí ó máa yọ pínnì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ fúùtù. Abẹ́rẹ́ tó bá gun pínnì á kán. Ibi tí ẹ̀yìn méjèèjì ti gorí ara wọn nípọn. Kí ó yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, kí ó tún rán an padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹ gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù láìkan òwú, ẹ yí i sójú.

Ẹ lẹ téèpù kékeré kan mọ́ ojú máṣìnnì ní ààbọ̀ íǹsì sápá ọ̀tún abẹ́rẹ́. Ọmọ á máa wo etí aṣọ lára téèpù náà, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wo abẹ́rẹ́, ilà rẹ̀ kò ní gún, bó ti wù kí ó fara balẹ̀ tó.

Àṣìṣe tí òbí ní láti máa ṣọ́ jù ni fífa aṣọ. Ọmọ á rò pé òun ni òun ní láti fa á jáde lẹ́yìn. Eyín abẹ́ fúùtù ló ń ti aṣọ lọ. Bí a bá fa á, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á gbá irin, á kán. Ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ́jú lórí aṣọ, kí ó máa tọ́ ọ sọ́nà lásán.

Máṣìnnì yìí ní ibi tó kù sí. Ìrán gígùn nìkan ló mọ̀. Àǹkárá máa ń tú létí, máṣìnnì yìí kò sì lè rán ìrán wọ́gọwọ̀gọ tó ń di etí mú. Ọmọ á ní láti ká etí náà mọ́nú tàbí kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì eléyín gé e. Kò dára fún aṣọ tó ń fà bíi jásì, òwú rẹ̀ á já nígbà tí aṣọ bá nà. Ó wúwo, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá gbé e. Àwọn kan lára tuntun tí wọ́n ń tà kò tíì rí epo tó. Ẹ fi epo máṣìnnì, ẹ̀kán kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí i láìfi òwú sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì rán àjákù funfun títí tí kò ní fi àbàwọ́n sílẹ̀ mọ́. Ẹ má fi òróró ìdáná sí i. Ó máa ń gan bí ó bá pẹ́, wíìlì á sì di líle.

Ní ti oníke kékeré onibátìrì, a kò fọwọ́ sí i. Bátìrì AA mẹ́rin ló sábà máa ń lò. Ó fúyẹ́ débi pé aṣọ lè fà á lórí tábìlì, kò ní agbára láti gun ìpele àǹkárá mẹ́rin, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní ibi tí a ti lè yí gígùn ojú ìrán padà. Ọmọ á rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tó rí bíi sítépúlà tí a ń di mọ́wọ́ tún burú jù: òwú kan ṣoṣo ló fi ń rán. Bí a kò bá so òpin rẹ̀, ẹ fa òwú náà, gbogbo ilà á tú.

Ẹni tó wà ní Bìrìtéènì lè rí Singer 99K àfọwọ́yí tó ti pẹ́. Ilé-iṣẹ́ Singer ní Clydebank, ní Sukọ́tíláǹdì, tí wọ́n tì ní 1980, ló ṣe é. Ó kéré ju Singer 15 lọ, ó sì fúyẹ́ díẹ̀ fún ilé tí kò láàyè. Òkè ni bọ́bìnnì rẹ̀ ti ń wọlé, irú 66 ni. Ti Singer 15 kò wọ inú rẹ̀. Tí òǹtajà kò bá ní irú 66, ẹ má gba irú 15 pé ó jọ ọ́.

Nígbà tí ọmọ bá ti lè fi ọwọ́ òsì nìkan darí aṣọ tí ilà rẹ̀ sì gún, orí máṣìnnì náà ṣì wúlò. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn irú 15 tuntun, ẹni tó ń tún máṣìnnì ṣe á tú ọwọ́ ìyípo kúrò, á gbé orí náà sórí tábìlì máṣìnnì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, á fi bẹ́líìtì so wíìlì mọ́ ti ìsàlẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá wíìlì rẹ̀ ní kòtò tí bẹ́líìtì lè jókòó sí. Ẹ gba ọwọ́ ìyípo náà àti ìdè rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó tú u, kí ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan fún àbúrò.